Kí Ni Onílé Tẹ́lẹ̀ Ń Fi Èyí Ṣe? Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ra Ilé Àlòkù n'Íbàdàn

Ẹ ti sanwó ilé, ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́, lọ́yà ti gba tirẹ̀, èjẹ́ńtì náà ti gba tirẹ̀. Ó wá ku àgbàlá. Ẹ dé ẹ̀yìnkùlé, ẹ bá símẹ́ńtì pẹlẹbẹ kan tó sùn sílẹ̀ lásán, páìpù kan tó yọrí sókè tí kò so mọ́ nǹkan kan, ìkòkò méjì tó rì dé ọrùn nínú ilẹ̀, àti ògiri kúkúrú kan tí kò gbé òrùlé. Bìrìkìlà tí ẹ mú wá á ní, "Alàgbà, ẹ jẹ́ ká fọ́ gbogbo ẹ̀ dànù." Ẹ má tíì dá a lóhùn.

Iṣẹ́ títún àgbàlá ṣe ni mo fi ń jẹun nílùú yìí, láti Àkóbọ̀ títí dé Apẹ̀tẹ́, mi ò sì tíì rí ẹni tó ń ra símẹ́ńtì láti fi ṣeré. Ohun tó dà bí àṣedànù lójú yín ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún ẹni tó ṣe é: ó ń gba omi, tàbí ó ń gba ìgbẹ́, ó ń sọ ibi tí ilẹ̀ parí sí, ó ń bo òkú, tàbí ó ń pawó. Òmíràn ṣì ń ṣiṣẹ́ náà lọ́wọ́ báyìí láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Iṣẹ́ yẹn ni kí ẹ wá rí kí dígà tó kanlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo àgbàlá nígbà ọ̀dá, ẹ tún un wò lẹ́yìn òjò

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, koríko ló máa tú àṣírí. Ibi tó bá tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo ìyókù ti gbẹ, omi ló wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí ìgbẹ́. Ibi tí koríko bá ti pọ́n ní ìlà gbọọrọ, ìpìlẹ̀ ògiri àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ilé ìdáná ni wọ́n wó, ó sì lè jẹ́ BQ.

Bí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ wo ibi tí omi dúró sí, ibi tó ń gbà jáde, àti ibi tí ilẹ̀ ti ń fà á mu ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá rí ibi tí omi ti ń yí bírí tó sì ń wọlẹ̀, ẹ fi igi sọgbà yí i ká lójú ẹsẹ̀, kí ọmọdé má sún mọ́ ọn. Ihò wà níbẹ̀ tí ìdérí rẹ̀ ti ń jẹrà.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀. Ẹ fi tépù wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí igun ilé méjì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Igun méjì ni o, torí ìwọ̀n láti igun kan ṣoṣo kò lè tọ́ka sí ojú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọ̀pá irin tó gùn dáadáa, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe lórí ohun tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò, kí ẹ máa fi gún ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá dún kọ́-kọ́, ilẹ̀ líle tàbí òkúta ni. Bó bá dún bí ìlù, inú rẹ̀ ṣófo, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ mọ́ títí tí ẹ ó fi mọ ohun tó jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ béèrè iṣẹ́ tí onílé ń ṣe, ẹ má kàn béèrè ohun tí ẹ rí

Ọ̀pọ̀ èèyàn á pe aládùúgbò wá sínú ọgbà, wọ́n á nawọ́ sí nǹkan, wọ́n á ní "Kí lèyí?" Aládùúgbò ò mọ̀, torí kò wọlé náà rí. Ohun tó mọ̀ ni èèyàn tó ń gbé ibẹ̀. Ẹ lọ bá ìyá tó ti ń ta èlùbọ́ lójú ọ̀nà yín láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ẹ ra nǹkan díẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń lọ báyìí:

"Ẹ kú ìjókòó o, Mà."

"Òo, o kú o. Ṣé ìwọ lo ra ilé Bàbá Tíṣà?"

"Èmi ni, Mà. Ẹ jọ̀ọ́ Mà, kí ni Bàbá ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì?"

"Ẹja ni. Ẹja àrọ̀ ni wọ́n ń sìn. Gbogbo wa la máa ń rà á lọ́dún Iléyá àti Kérésì. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n ni wọ́n fi í sílẹ̀."

Ẹ ti mọ ohun tí agbada símẹ́ńtì mẹ́ta ẹ̀yìn ilé wà fún, ẹ sì ti mọ̀ pé páìpù ìdí wọn ń kó omi ẹja lọ síbì kan. Bí ìdílé tó ta ilé bá ṣì ṣeé bá sọ̀rọ̀, ẹ pè wọ́n, pàápàá ọmọ tó dàgbà sínú ilé náà. Alága ẹgbẹ́ lańlọ́ọ̀dù náà wúlò lórí ọ̀rọ̀ ààlà àti ojú omi. Èjẹ́ńtì kò mọ nǹkan kan. Bó bá sọ fún yín pé òun mọ̀, ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àwọn ihò

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù, torí ibí ni ohun tó lè pa èèyàn lójijì pọ̀ sí jù.

Kànga ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ìlú tí omi ẹ̀rọ kì í dé ibi púpọ̀, àfi kí kálukú gbẹ́ tirẹ̀. Bí kànga bá gbẹ, tàbí tí bọ̀hóòlù bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn kan á kàn fi páákó àti páànù bò ó, wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ lé e, koríko á sì hù. Páákó á máa jẹrà níbẹ̀ láìpariwo. Àmì kànga ni símẹ́ńtì róbótó tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí etí ríìngì tó yọ díẹ̀ lókè ilẹ̀. Nígbà míì, òpó méjì tí wọ́n fi ń gbé okùn ìfami ló máa ṣẹ́ kù.

Símẹ́ńtì onígun mẹ́rin tó wà nítòsí fèrèsé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó ní irin ìdìmú lórí, sọ́kàwéè nìyẹn. Ó sábà máa ń jẹ́ méjì: àkọ́kọ́ ń gba ìgbẹ́ dúró, èkejì ń jẹ́ kí omi rẹ̀ wọlẹ̀. Páìpù tó yọrí sókè tí orí rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbà jáde. Mo ti bá èyí tí wọ́n fi símẹ́ńtì dí nítorí pé kò dára lójú. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni òórùn náà wá ń gbà padà wọlé. Láti mọ ibi tí páìpù ń lọ, kí ẹnì kan da omi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ilé, kí ẹlòmíràn dẹ etí sí i níta.

Ní igun tó jìnnà jù sí ilé, ẹ máa fura sí ṣáláńgá àtijọ́. Ní àwọn ilé tó ti pẹ́ láàárín ìgboro, ẹ tún lè rí ilẹ̀kùn kékeré kan nídìí ògiri ẹ̀yìn, tó kéré ju kí ọmọdé gbà á wọlé lọ. Kì í ṣe ti adìyẹ. Ibẹ̀ ni agbépòó ń gbà fa garawa ìgbẹ́ jáde lóru, kí ó má bàa gba inú ilé kọjá. Ẹ lè fi búlọ́ọ̀kù dí i láìsí ìbẹ̀rù, kò níṣẹ́ mọ́.

Táńkì abẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń gba omi òjò máa ń wà nísàlẹ̀ ibi tí gọ́tà òrùlé ti ń dà. Èyí dára láti jí padà. Ẹ gbọ́n ọn gbẹ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dí ojú tó sán, kí ẹ sì jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ ṣàn dànù, torí eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ orí páànù ló ń fọ̀ wálẹ̀. Páìpù rọ́bà funfun tàbí aláwọ̀ aró tó nípọn, tó fẹ̀ ní íǹsì márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí wọ́n dé lórí, bọ̀hóòlù ni. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ju òkúta sínú rẹ̀ o. Owó ńlá ló sùn sínú ihò yẹn, òkúta kékeré kan sì lè bà á jẹ́ pátápátá.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kí ẹnikẹ́ni má wọ inú ihò kankan láti lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú kànga tí wọ́n ti dé pa lè má tó èèyàn mí, èyí tó wà nínú sọ́kàwéè sì lè gbé èèyàn ṣubú kó tó ké. Àwọn agbẹ́kànga àtijọ́ máa ń sọ fìtílà kalẹ̀ sínú rẹ̀. Bí iná bá kú, wọn ò ní wọ̀ ọ́. Ó dáa, àmọ́ fìtílà tó ń jó kò fi hàn pé gáàsì olóró kò sí. Bí ẹnì kan bá sì ṣubú sínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn bẹ́ tẹ̀ lé e. Báyìí ni ìdílé kan ṣe ń pàdánù èèyàn méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 112, tàbí 615 ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bẹ́ẹ̀ náà, ẹ̀rọ tó ń fa omi pẹ̀lú pẹtiróòlù kò gbọdọ̀ wà nínú kànga tàbí létí rẹ̀, torí èéfín rẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀.

Bí kànga tí ẹ rí bá lómi, inú yín á dùn, ẹ ó sì fẹ́ mu ún. Ẹ ní sùúrù. Mítà 30 ni ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń fi lélẹ̀ láàárín kànga omi mímu àti ihò ìgbẹ́. Mítà 30 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 100, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 ni púlọ́ọ̀tì ọ̀pọ̀ nínú wa. Kànga ní láti wà lẹ́nu géètì, kí sọ́kàwéè wà ní ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé, kó tó pé, a ò sì tíì ka ti aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri. Nítorí náà, ẹ fi wẹ ilẹ̀, ẹ fi bu omi rin ewébẹ̀, títí ẹ ó fi gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ojú omi

Ihò tó wà nídìí fẹ́ǹsì, ní ìlà kan náà níwájú àti lẹ́yìn. Gọ́tà tó la àgbàlá kọjá láìsí pé ó ti inú ilé yín wá. Ògiri kúkúrú tó tẹ̀ kọrọdọ létí ilé. Omi òjò ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń darí. Wọ́n ń múni bínú, torí wọ́n ń jẹ ilẹ̀, ihò náà sì ń jẹ́ kí ajá àti ejò wọlé. Àwọn sì ni ohun tí mo kórìíra jù lọ kí oníbàárà ní kí n dí.

Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Omi tó bá rọ̀ sórí Màpó tàbí Òkè Ààrẹ, ìsàlẹ̀ ló ń wá, ó sì ní láti gba inú ọgbà ẹnì kan dé Ògùnpa, Kúdẹtì tàbí Ọ̀nà. Ọjọ́ 31 oṣù Ògún ọdún 1980 ni Ògùnpa kún àkúnya tó gbé ilé àti èèyàn lọ. Ó ju igba èèyàn lọ tó bá a rìn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún ọdún 2011, omi tún yalé, ó sì tún pa èèyàn lé ní ọgọ́rùn-ún. Onílé tó fi ihò sídìí fẹ́ǹsì rẹ̀ mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ fi ọ̀pá irin dí ojú ihò náà ní àlàfo-àlàfo, kí omi lè kọjá kí ajá má lè kọjá, kí ẹ sì máa kó ọ̀rá àti pàǹtí tó bá há síbẹ̀ kúrò lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ yí gọ́tà padà kí ọkọ̀ lè wọlé, kí tuntun fẹ̀ tó ti àtijọ́, ó kéré tán, kó sì dagẹ̀rẹ̀ bíi tirẹ̀, kí ẹ sọ fún àwọn tó wà lókè yín àti nísàlẹ̀ yín. Tí ẹ bá dí i, ògiri yín ni omi máa kọ́kọ́ wó, lẹ́yìn náà ó máa kàn ti ẹni tó máa pè yín lẹ́jọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: òpó kékeré tó ní lẹ́tà lórí

Òpó símẹ́ńtì onígun mẹ́rin tí orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí íǹsì méje ní fífẹ̀, tí wọ́n kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí lórí: píílà awọnlẹ̀ ni, èyí tí a ń pè ní bíkónù. Òfin kò fàyè gba kí ẹ wú u. Ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ orí rẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà náà, kí ẹ wá a lórí sọ́fèè tí wọ́n fún yín. Bó bá wà ní igun ilẹ̀, ẹ kú oríire. Bó bá jẹ́ pé àárín àgbàlá ló wà, fẹ́ǹsì àti ìwé kò bára mu nìyẹn: yálà fẹ́ǹsì yín ti wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn, tàbí ẹni tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ ra púlọ́ọ̀tì méjì pa pọ̀. Ẹ mú sọ̀féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ wá kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun.

Pẹ̀rẹ́gún tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ náà lè jẹ́ ààlà àtijọ́, láti ìgbà tí kò tíì sí píílà. Ẹ wọn ibi tó wà kí ẹ tó gé e.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ibojì, ojúbọ, àti ìkòkò tí kì í ṣe nǹkan kan nínú méjèèjì

A máa ń sin òkú sínú ilé, kò ṣàjèjì. Ibojì tó bá ní táìsì àti orúkọ kò ṣòro láti mọ̀. Èyí tó ń pamọ́ ni ti símẹ́ńtì lásán, tó gùn tó èèyàn. Ẹ wo ìlà rẹ̀: ti Mùsùlùmí sábà máa ń wọ́ kọ́rọ́, tí kò bá ògiri ilé mu, torí Kíbílà ni wọ́n kọjú òkú sí. Ẹ pe ìdílé tó tà á, kí lọ́yà sì wà níbẹ̀. Bóyá wọ́n fẹ́ máa wá ṣàdúà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ, wọ́n ní láti gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba kí wọ́n tó wú u. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹ ń gbé fún bìrìkìlà ní alẹ́ Sátidé.

Òkúta yangí kan tí wọ́n rì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Èṣù ni. Irin wẹ́wẹ́ nídìí pẹ̀rẹ́gún, pàápàá bí màrìwò gbígbẹ bá wà níbẹ̀, ti Ògún ni. Bí ẹ jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, bí ẹ jẹ́ ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù, ìyẹn kò kan ọ̀nà tí ẹ máa gbà ṣe é: ẹ ránṣẹ́ sí ìdílé náà kí wọ́n wá kó nǹkan wọn, kí wọ́n mú ẹni tó mọ ètò rẹ̀ wá. Ó tètè ń yá, kì í náni lówó púpọ̀, àdúgbò á sì mọ̀ pé ẹ ní ọ̀wọ̀. Ẹni tó fi epo pẹtiróòlù sun ún lójú gbogbo ayé á máa gbé àárín àwọn tó rí i.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìkòkò kọ́ ni ẹbọ. Bí ẹ bá rí ìkòkò méjì tó gun ara wọn, tí ìdí ti òkè ní ihò wẹ́wẹ́, tí eérú líle bíi símẹ́ńtì wà nínú rẹ̀, aláró ló gbé ibẹ̀. Eérú ni wọ́n ń dà sí ti òkè, wọ́n á da omi lé e, omi eérú á máa kán sínú ti ìsàlẹ̀, òun ni wọ́n fi ń rẹ aró. Ìbàdàn tí àdìrẹ Ìbàdàndùn ti jáde, pẹ̀lú òpó gbọ̀ngàn Màpó lára rẹ̀, kò yẹ kí ìkòkò aró dẹ́rù bà wá. Ẹ wú u pẹ̀lẹ́ kó má fọ́. Ti òkè dára gan-an fún gbígbin òdòdó, torí pé ihò ti wà nídìí rẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ tí eérú ti pọ̀ jù kì í tètè gba ewébẹ̀. Ẹ kó yẹ̀pẹ̀ òkè rẹ̀ dànù kí ẹ da ilẹ̀dú sí i.

Ìgbésẹ̀ keje: ohun òwò àti ohun ìgbàanì

Kòtò gígùn tóóró tó ní àtẹ̀gùn lápá kan, tó ń rùn bí ọ́ìlì: mẹkáníìkì ló ń wọ abẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀. Ẹ má gbin ohun jíjẹ nítòsí rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ìpele méjì tí gọ́tà kékeré yí ká: ilé ìgbín ni, omi inú gọ́tà yẹn ni kì í jẹ́ kí ìjàlọ rékọjá. Símẹ́ńtì tó ní bóòtù mẹ́rin: jẹnẹrétọ̀ tàbí òpó táńkì ló jókòó síbẹ̀. Òpó irin gíga tí kò gbé wáyà: éríà tẹlifíṣọ̀n ni, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, níbí ni tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Agbada ẹja tí ẹ ò lò, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí ẹ kó yẹ̀pẹ̀ sí i, kí ẹ gbin ẹ̀fọ́. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú omi, ẹ̀fọn lẹ ń sìn.

Méjì ló kù tí kì í ṣe eré. Bí ẹ bá ń gbẹ́lẹ̀ tí ẹ sì ń rí èèpo bátìrì ọkọ̀ dúdú tó fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ dúró. Òjé ti wọ ilẹ̀ yẹn, irú èyí tí wọ́n bá ní Olódó níbi tí wọ́n da pàǹtí bátìrì sí. Kí ọmọdé má ṣeré níbẹ̀, ẹ má gbin ewédú síbẹ̀. Èkejì ni dúrọ́ọ̀mù tàbí àpótí tí wọ́n tì pa tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2024, Bódìjà mì tìtì, ilé wó, ẹ̀mí lọ. Ìjọba ní ohun ìbúgbàmù tí àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé ló fà á. Ẹ má ṣí i, ẹ má gbé e, ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, kí ẹ pe 615.

Ní ti igi: oje igi tí a ń pè ní oró máa ń ta ojú, ó lè fọ́ ọ, ẹ fi gíláàsì bojú kí ẹ tó gé e. Èso làpálàpá ní májèlé nínú, ọmọdé sì máa ń rò pé ẹ̀pà ni. Akòko ní tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ò mọ ẹni tí wọ́n máa fi jẹ oyè lọ́la.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí ẹ bá ní láti dí ihò

Kànga tí ẹ ò fẹ́ lò mọ́, ẹ má da ìdọ̀tí ilé sínú rẹ̀. Omi inú rẹ̀ ni aládùúgbò yín ń fà nínú tirẹ̀. Ẹ kó pàǹtí inú rẹ̀ jáde láti òkè, ẹ da omi bílíìṣì sí i, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn tó mọ́ sínú rẹ̀ títí yóò fi kọjá ojú omi. Láti ibẹ̀ lọ sókè, yẹ̀pẹ̀ pupa tàbí amọ̀ ni, ní ìpele-ìpele, kí wọ́n máa lù ú mọ́lẹ̀. Ẹ yọ ríìngì òkè dé bíi mítà kan, kí amọ̀ lè dì mọ́ ilẹ̀ gan-an dípò símẹ́ńtì. Sọ́kàwéè àti ṣáláńgá, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ agbégbẹ̀ẹ́ fà á gbẹ ná, kí ẹ da ẹfun tí òyìnbó ń pè ní lime sí i, kí wọ́n wó ìdérí rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ tó kún un.

Ẹ fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ kó ga ju ilẹ̀ lọ díẹ̀, torí ó máa rì. Bí òjò bá rọ̀ fún sáà kan, ẹ tún yẹ̀pẹ̀ kún un. Ẹ lè gbin koríko tàbí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí orí kànga. Ti sọ́kàwéè, òdòdó nìkan. Ẹ má gbin igi sórí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má sì jẹ́ kí awakọ̀ tó gbé yanrìn wá dúró síbẹ̀.